Àdúrà Tí Kò Gbọ́dọ̀ Parí

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Phelim Dunaghy ló kó bá Ọládọ̀tun. Ará Ireland ni, ayé ọjọ́un ló gbé, ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ẹṣin ló ń tà kí àwọn ará ìlú ẹ̀ tó dìbò fún un lọ sílé aṣòfin ní London. Ọdún méjìlélógún ló lò níbẹ̀, kò ṣe òfin kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó dí tàwọn yòókù lọ́wọ́: bí wọ́n bá gbé òfin tí kò fẹ́ dé, á dìde, á máa sọ̀rọ̀, á ka orúkọ gbogbo ẹṣin tó ti tà rí, títí àsìkò á fi tán. Orí fóònù ni Ọládọ̀tun ti kà á níbi iṣẹ́, ní ìlú La Porte lókè òkun. Inú ẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Ó nídìí. Ní Sunday yẹn ni ìjọ wọn fẹ́ dìbò bóyá kí wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ìlú Spring. Wákàtí kan gbáko nínú mọ́tò lórí freeway, ṣọ́ọ̀ṣì tí Ọládọ̀tun ń fẹsẹ̀ rìn lọ! Àmọ́ aago kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ jáde ní họ́ọ̀lù tí wọ́n yá, ẹni tó ni ilé tó wà ní Spring ò sì ní dúró dọ̀la.

Aago méjìlá lù, Pásítọ̀ Olúṣẹ́gun ní, "Brother Ọládọ̀tun, ẹ fi àdúrà ṣí ìpàdé fún wa."

Háà! Ta ló máa dá aládùúrà dúró? Orí ìdúró ni gbogbo ìjọ máa wà títí á fi ṣe tán. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè dárúkọ Jésù parí ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ṣe àmín, ó tán nìyẹn. Ó bá ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó gbàdúrà fún gómìnà, fún àwọn tí iléeṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà ní Clear Lake ń rán lọ sí òfuurufú, fún AC, fún ata rodo tí Wùmí ìyàwó ẹ̀ gbìn tí kò so. Nígbà tó kan táyà mọ́tò, Wùmí fi ìgúnpá gún un.

"Bàbá Ìlérí, ṣé kò sí o?"

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yọ́ ojú là láti wo aago, ló bá rí Màmá Ọlájùmọ̀kẹ́, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó ń ti Spring wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màmá di àga mú, orúnkún wọn ń gbọ̀n, omijé ń bọ́ lójú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe, "Àmín, ọmọ mi." Ojú ti Ọládọ̀tun burúkú.

"Ní orúkọ Jésù!"

"ÀMÍÍÍN!" Gbogbo ìjọ já lu àga.

Wọ́n dìbò wàràwàrà. Mẹ́sàn-án fẹ́ Spring, mẹ́sàn-án ò fẹ́. Ó ku Ọládọ̀tun. Ó nawọ́ fún Spring.

Màmá nu ojú wọn. "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bá a bá dé ọ̀hún, ẹlòmíì ni kó máa gbàdúrà o."