Ẹrẹ̀ Ara Agbégilódò

Kànrìnkàn ni Kúlísúmù fi ń bó ẹrẹ̀ kúrò lára mọ́tò náà, ó sì ń kọrin sábẹ́ ahọ́n. Ó fọ abẹ́ rẹ̀, ó fọ àwọn táyà, ó ki ìka bọ ibi tí kànrìnkàn kò dé. Omi inú báásíà ti pọ́n.

Mọ́tò náà kò gùn ju láti ìgúnpá rẹ̀ dé orí ìka. Agbégilódò ni, irú èyí tó ń kó gẹdú jáde láti inú igbó apá Ìfọ́n. Ọkọ rẹ̀, Salahudeen, ló fi agolo mílíìkì àti agolo tòmátò kàn án. Sálúbàtà tó ti gbó ló gé ṣe táyà. Ẹ̀ka igi tíìkì kéékèèké ló tò sẹ́yìn rẹ̀ bí gẹdú, tó sì fi okùn dì wọ́n pinpin. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Aago ni Salahudeen ń tún ṣe láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, kí fóònù tó gba aago lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ẹni tó ń tún aago ṣe ló wá di ẹni tí àkókò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò kéékèèké ló fi ń lo àkókò náà. Kúlísúmù ní tirẹ̀, aránṣọ ni. Bí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá béèrè ọkọ rẹ̀, á ní, "Ó wà nínú yàrá, ó ń wa mọ́tò." Wọn á rẹ́rìn-ín. Salahudeen náà á rẹ́rìn-ín láti inú yàrá, lẹ́yìn náà á rọra ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n mọ́tò tòní yàtọ̀, nítorí pé ènìyàn kan ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀. Veronica, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ló mú fọ́tò wá, tó ní kí ó ṣe irú agbégilódò tí bàbá òun wà títí ó fi dàgbà. Bàbá náà, Jonah, wà ní Èmùré-Ilé, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kó jáde nílé mọ́. Òní ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ.

Ìdí nìyẹn tí Kúlísúmù fi gbé báásíà. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ wá páálí tí wọn yóò gbé e sí. Kúlísúmù rí mọ́tò lórí tábìlì, ó rí ẹrẹ̀ lára rẹ̀, ó rí ìpẹtà lára táǹkì. Ọkùnrin kò mọ nǹkan tọ́jú, ló wí lọ́kàn. Ṣé báyìí la ṣe ń gbé ẹ̀bùn lọ fún àgbàlagbà? Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wù ú kí òun náà fọwọ́ kan iṣẹ́ ọkọ òun.

Salahudeen wọlé pẹ̀lú páálí lábẹ́ apá.

"Ìyá Ibtisam, kí lò ń ṣe?"

"Mo ń bá yín fọ̀ ọ́ ni. Ẹ wo bó ṣe ń dán. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

Ó gbé páálí sílẹ̀. Ó wo báásíà, ó wo mọ́tò.

"Mo kùn ún ni," ló wí.

"Kí lẹ kùn?"

"Ẹrẹ̀ yẹn. Ìpẹtà yẹn. Ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí kò ju irun ojú lọ ni mo fi ń kùn ún."

Kúlísúmù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ọkọ rẹ̀ kò gba ẹ̀rín. "Ènìyàn á jókòó, á máa fi ọ̀dà ya ìdọ̀tí?"

"Bàbá yẹn kò wa mọ́tò tó mọ́ rí. Inú igbó ló ń wọ̀. Bó bá rí èyí, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ ọ́n."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó gbé mọ́tò náà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó kọjú sí yàrá. Kúlísúmù mọ ilẹ̀kùn yàrá yẹn dáadáa. Òun ló fi ẹ̀sín kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tì í. Bó bá tì í lónìí, kò ní fi ohun tó bá ṣe hàn án mọ́ láéláé. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun náà da omi síwájú, ẹrẹ̀ tó yẹ kó bá níbẹ̀ ló bá omi lọ.

"Ẹ dúró," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká dá a padà."

"Ọ̀dà kò ní gbẹ kí a tó lọ."

"Ta ló dárúkọ ọ̀dà?"

Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ó wa ilẹ̀ pupa sínú àwo, ó fi ọmọ ọlọ lọ̀ ọ́, ó sì fi àjákù nẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyàwó kan jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí àtíkè. Ó po sítáàṣì tó fi ń mú ọrùn ẹ̀wù le, ó da ilẹ̀ náà sí i. Ó wá ti orí abẹ́rẹ́ ńlá kan bọ inú rẹ̀, ó na abẹ́rẹ́ náà sókè.

"Ibo ni kí n kọ́kọ́ fi sí?"

Kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Salahudeen dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í.

"Ẹ̀yìn táyà. Ibi tí táyà ń ju ẹrẹ̀ sí. Má fi sí iwájú." Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti pọ̀ jù. Ṣé inú odò ló ti ń bọ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é ní agbégilódò."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dìde láti lọ ti ilẹ̀kùn kankan.

Wọ́n ń fi ẹrẹ̀ sí i lọ. Nígbà tó kan abẹ́ ẹ́ńjìnnì, Kúlísúmù na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òróró ẹ̀rọ tó ti pò mọ́ òwú wẹ́wẹ́ ló fà jáde, ó dúdú, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Ó fi ra abẹ́ mọ́tò náà. Salahudeen bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú dúdú yìí."

"Ibí ló wà. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ra yín."

Lẹ́yìn ìrun Àílà, wọ́n wọ takisí lọ sí Èmùré-Ilé. Orí ẹsẹ̀ Kúlísúmù ni páálí náà wà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Bàbá Jonah jókòó sórí àga onígi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Veronica gbé tábìlì kékeré síwájú rẹ̀, Salahudeen gbé mọ́tò lé e. Bàbá náà ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú mọ́tò náà, "Ìfarabalẹ̀." Ó wo táyà, ó wo gẹdú. Kò dúpẹ́.

Bàbá náà ti àtàǹpàkò bọ ẹnu, ó sì fi ń nu abẹ́ fèrèsé dírẹ́bà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò.

"Bàbá, ẹ ń bà á jẹ́," Veronica wí.

Kúlísúmù ti dìde tán. Ọkọ rẹ̀ di etí ìró rẹ̀ mú, ó rọra fà á padà sórí ìjókòó.

"Ibí kì í dọ̀tí," Bàbá Jonah wí. Kò gbójú sókè. "Apá mi ló máa ń wà níbẹ̀. Apá mi ló ń nù ún."

Ó gbé apá rẹ̀ lé ọwọ́ àga, ìgúnpá rẹ̀ sì yọ síta. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo iwájú, bí ẹni pé ọ̀nà ló wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó yíjú sí wọn.

"Ta ló ṣe é?"

"Àwa méjèèjì ni, Bàbá," Salahudeen wí.

Kúlísúmù bojú wolẹ̀. Ilẹ̀ pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ọ̀wọ̀, wọ́n dúró de takisí lẹ́bàá títì. Èyí tó dé ti gbó, eruku ti bo gbogbo ara rẹ̀. Dírẹ́bà náà gbé apá lé fèrèsé. Bó ṣe na ọwọ́ sẹ́yìn láti bá wọn ṣí ilẹ̀kùn, Kúlísúmù bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wo abẹ́ ibi tí apá rẹ̀ kúrò. Ó mọ́, ó ń dán, kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ó gbójú sókè láti fi han ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ lòun náà ń wò.