Ojú-Ìsìnkú Wọ Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọkùnrin

Àríyànjiyàn tó gba wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin kan lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ àwọn apanilẹ́rìn-ín ni. Awakọ̀ tó kán lẹ́sẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ náà dé orókún, kò rí mọ́tò wà mọ́, ẹnu nìkan ló kù tó ń wà.

"Ẹ fi Ẹnu-ò-Sinmi sílẹ̀ fún mi jàre," ló wí. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí ọkùnrin tó ń fò kiri lórí ìtàgé. "Ẹ wo ojú! Ẹ wo bó ṣe ń sín ìyàwó tó ń bínú jẹ! Kó tó la ẹnu ni ẹ̀rín ti ń pa mí. Apanilẹ́rìn-ín nìyẹn. Kì í ṣe Ojú-Ìsìnkú tẹ́ ẹ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀, tó máa ń dúró gbagidi bí ẹni tó ń retí dókítà."

Télọ̀ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kò gbà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un níkùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara rẹ̀ sì ti ń mókun. "Ariwo ni Ẹnu-ò-Sinmi fi ń pani lẹ́rìn-ín," ó ní. "Ó dà bí aṣọ ọ̀pọ̀: ó ń dán gbinrin, o fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣá. Ṣùgbọ́n Ojú-Ìsìnkú, wàá délé, wàá máa fọ abọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ lánàá á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé ẹ. Ìwọ nìkan á wá máa rẹ́rìn-ín bíi wèrè."

"Ẹ̀rín tó di ọjọ́ kejì kó tó jinná! Ṣé ẹ̀wà ni?" awakọ̀ fèsì.

Nọ́ọ̀sì àgbà wà láàárín wọn, ó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Bàbá Tíṣà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni Ojú-Ìsìnkú, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sùn nígbà tí ìyá wọn bá lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí bàbá wọn bú ramúramù pé òun ò bí ọmọ tó máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ jẹun, nọ́ọ̀sì yìí ló dìde dúró tó ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ yìí mọ ohun tó ń ṣe." Ṣùgbọ́n kò sọ fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, ojú òun ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó yìn ín, òótọ́ ló sì fẹ́ gbọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ọbẹ̀ òun ṣe rí kì í dúró ti ẹni tó ń jẹ ẹ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń fi àkókò ṣòfò," Bàbá Tíṣà dá sí i. Ohùn rẹ̀ ń há nínú àyà. "Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì mi."

"A gbà yín gbọ́, Bàbá," télọ̀ dáhùn.

Nọ́ọ̀sì gbé ìrọ̀rí lé bàbá lórí ikùn. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wúkọ́ fún mi. Ẹ fi ìrọ̀rí di ojú ọgbẹ́ mú báyìí, kò ní ya."

"Ó di ọ̀la."

Ohun tó sọ lánàá náà nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ikùn rẹ̀ ni ìbẹ̀rù ìrora kò ti jẹ́ kó wúkọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń kóra jọ sí i láyà, ọkàn dókítà kò balẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀bẹ̀, ó ti bínú, ó ti tún bẹ̀bẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi gbé báàgì kọ́ èjìká wọlé. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Télọ̀ di ikùn mú, ó pariwo: "Ojú-Ìsìnkú!"

"Ẹ kú ọ̀sán o. Mo wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n ta?" awakọ̀ béèrè. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó tún wo àlejò: imú kan náà, iwájú orí kan náà. Ó fa aṣọ ìbora bo orí.

"Ẹ má bora," àlejò sọ fún un. "Mo gbọ́ yín láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní mo máa ń dúró bí ẹni tó ń retí dókítà." Ó wo ẹsẹ̀ sìmẹ́ńtì náà lọ, ó wò ó bọ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí i?"

Ẹ̀rín sọ ní wọ́ọ̀dù. Awakọ̀ gan-an rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kó ṣe díẹ̀ sí i fún àwọn. Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì mi orí pé òun gbà. "Ìṣẹ́jú díẹ̀," ó ní. "Ẹni tí wọ́n rán níkùn, kó di ìrọ̀rí rẹ̀ mú."

"Ẹ ò mọ ìyà tó jẹ mí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín," ni Ojú-Ìsìnkú fi bẹ̀rẹ̀. "Tí mo bá ṣubú ní kékeré, kì í kí mi pẹ̀lẹ́. Á ní, 'Láti oókan dé ẹ̀wàá, mélòó ló ń dùn ẹ́?' Mo ní mẹ́sàn-án. Ó ní, 'Ẹni tí ìrora rẹ̀ tó mẹ́sàn-án kì í rántí òǹkà. Dìde.'"

Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kò bá wọn rín in.

"Aṣọ ọsibítù yìí pàápàá. Ẹni tó rán an mọṣẹ́, ẹ wo iwájú. Ìgbà tó kan ẹ̀yìn tó ṣí gbayawu yìí ló rántí pé òun gbé nǹkan kaná."

"Èmi kọ́ ni mo rán an o!" télọ̀ kígbe.

Ojú-Ìsìnkú yíjú sí i, ó wò ó pẹ́. "Mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Awakọ̀ ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì wá rí ohun tí kò rí rí nínú fóònù. Ẹnu-ò-Sinmi máa ń fún èèyàn ní ẹ̀rín jẹ bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ. Àbúrò òun ní tirẹ̀ á gbé e kalẹ̀, á yọwọ́, á sì jẹ́ kí kálukú na ọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ó tún kíyè sí i: ẹnu àwọn tó ń gbọ́ ọ náà ni àbúrò òun ti ń kó ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò lọ síwájú rẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Tíṣà ni yín, sà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Àga wà níbí, ẹ̀rù ń bà mí láti jókòó." Ó wo àga náà, ó sún kúrò níbẹ̀. "Tíṣà wa kan béèrè lọ́jọ́ kan pé, 'Ta ló mọ ìdáhùn?' Gbogbo wa dákẹ́. Ó ní, 'Ta ni kò mọ̀ ọ́n?' A dákẹ́. Inú bí i. Ó ní, 'Ó dáa, ta ló tiẹ̀ wà níbí?'"

Bàbá ń wò ó, kò ṣẹ́jú.

"Ọ̀kan nínú wa na ọwọ́ sókè. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ó máa wà nínú ìdánwò?'"

Èjìká bàbá ló kọ́kọ́ gbọ̀n. Ó gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ ńlá tó ti ìsàlẹ̀ àyà wá. Nọ́ọ̀sì ti gbé abọ́ dé iwájú rẹ̀. Ó wúkọ́, ó tutọ́, ó tún rẹ́rìn-ín, ó tún wúkọ́. "Àwọn ọmọ yẹn!" ó ń sọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bí wọ́n ṣe máa ń béèrè gan-an nìyẹn! Àwọn olórí kunkun!"

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí sí etí, ó fetí sí ẹ̀yìn bàbá. Afẹ́fẹ́ ń wọlé dé ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀.

"Màá sọ òótọ́," awakọ̀ wí. "Ẹnu-ò-Sinmi ṣì yára pa mí lẹ́rìn-ín jù ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe èyí tí o ṣe fún bàbá yìí."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fún àbúrò ní kọ́kọ́rọ́, tó sì sìn ín dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú ọkùnrin náà ṣì le. "Mo yára jù níbi ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn," ó ní. "Ó yẹ kí n mí kí n tó mẹ́nu kan ẹ̀yìn."

"O ṣe é dáadáa."

"Màá tún un ṣe."

Dókítà ń bọ̀ níwájú wọn. Ó ní òun gbọ́ ikọ́ Bàbá Tíṣà láti yàrá kejì, ta ló rí i tù lójú?

Nọ́ọ̀sì na ọrùn sókè. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú bó ṣe máa ń dì í mú tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì. "Dókítà, àbúrò mi nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Apanilẹ́rìn-ín ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn."