Ẹ̀rí Ọjọ́rú

"Kúnlẹ̀ dáadáa, ọmọ mi. Di ojú rẹ méjèèjì."

Dókítà Adédìpẹ̀ ti gbé ọwọ́ lé orí Olúwaṣíjibòmí kí ọmọbìnrin náà tó sọ ọ̀rọ̀ tó bá wá tán. Fọ́ọ̀mù tí ó mú wọlé ti wà lábẹ́ ife tíì lórí tábìlì. Ṣíji ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i, dókítà ojú ní Òṣogbo ti kọ ti ẹ̀ sí i. Ìbuwọ́lù Dókítà Adédìpẹ̀, tó jẹ́ Díìnì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nìkan ló kù. Ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń bèèrè kò ju méjì lọ: kí wọ́n tẹ ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, kí wọ́n sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún àkókò rẹ̀.

Àdúrà náà gùn. Omijé Dókítà Adédìpẹ̀ kán sí Ṣíji lọ́rùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí ẹ̀tàn nínú ẹkún náà. Obìnrin yìí kan náà ló gbé mílíìkì àti búrẹ́dì wá fún un ní yàrá nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀ ní ọdún kìíní. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà ní Ìwó yìí ló ń pè é ní Màmá.

"Àmín," ni Ṣíji wí. "Ẹ ṣé, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, fọ́ọ̀mù náà..."

Dókítà Adédìpẹ̀ fa awò ojú tó gbé sórí gèlè wálẹ̀ sí imú, ó ka ìlà bíi mẹ́ta, ó mi orí. "'Kò lè sàn mọ́.' Ta ló kọ èyí?"

"Dókítà ojú ni, Mà. Wọ́n ní iṣan tó wà lẹ́yìn ẹyin ojú ló ń kú lọ. Awò ò ràn án."

"Kí èmi wá fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lù ú pé ojú ọmọ mi ò ní sàn mọ́? Lórí àdúrà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tán yìí? Ṣíji, ohun tí èèyàn bá fọwọ́ sí ló ń rí. Gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́rú, a óò gbé ọ síwájú Olúwa nínú ilé àdúrà."

"Tó bá ti di Ọjọ́bọ̀, wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́, Mà."

"Olúwa kì í pẹ́ dé."

Ràódàt ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìwó gan-an ni, yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé, òun ló sì máa ń ka ìwé sí Ṣíji létí.

"Wọ́n buwọ́ lù ú?"

"Wọ́n gbàdúrà fún mi."

Ràódàt pòṣé. "Awò tó wà lójú àwọn fúnra wọn ńkọ́? Ṣé àdúrà ò tíì dé ibẹ̀ ni?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Màmá fẹ́ràn mi."

"Ta ló ní wọn ò fẹ́ràn rẹ? Kí wọ́n fẹ́ràn rẹ, kí wọ́n sì buwọ́ lùwé."

Ìgbà kẹta tí Ṣíji máa ṣe ìdánwò yìí nìyí. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà méjèèjì àkọ́kọ́, ìbéèrè kejì ló ṣì ń fi imú tọ̀ lórí ìwé nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, ilé ló ń lọ. Ní Kuta, bàbá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé nígbà tó bá di oṣù kìíní, ọmọ òun ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ó gba ọ́fíìsì ìdánwò lọ. Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́ ka lẹ́tà dókítà ojú tí Ṣíji mú dání, ó kẹ́dùn, ó dá a padà fún un.

"Àbúrò, ó yé mi. Ṣùgbọ́n láìsí ìbuwọ́lù Màmá, ọwọ́ mi ò tó o. Bí o bá lọ bá ọ̀gá àgbà, ọ̀dọ̀ Màmá náà ni wọ́n máa dá ọ padà sí. Má bá wọn jiyàn. Jẹ́ kí wọ́n gba àdúrà wọn tán, ọkàn wọn á rọ̀."

Ìdí nìyẹn tí Ṣíji fi gba ààwẹ̀ náà, tí ó sì jáde síwájú lọ́jọ́rú. Nígbà tí àdúrà parí, Dókítà Adédìpẹ̀ ṣí Ìwé Mímọ́ kékeré kan, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó dárúkọ orí àti ẹsẹ kan nínú Sáàmù.

"Ka ohun tí o rí."

Ohun tí Ṣíji rí ni funfun, àti nǹkan bí eérú tó ń rìn nínú funfun náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dárúkọ orí àti ẹsẹ. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ ní Kuta, bí olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi bá ti dárúkọ orí àti ẹsẹ báyìí, ọmọ tó bá kọ́kọ́ kà á láìwo ìwé ló ń gba bisikíìtì. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí kí ọkàn rẹ̀ tó dá a dúró. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Halelúyà bo ilé.

"Mà, mo há a sórí ni," ni ó wí. Makirofóònù ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó tún un wí, orin sì bò ó mọ́lẹ̀. Dókítà Adédìpẹ̀ gbá a mọ́ àyà, ó ń jó, ó ń sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó padà sí ọ́fíìsì.

"Mà, mi ò rí nǹkan kan. Láti kékeré ni mo ti mọ ẹsẹ yẹn."

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Báyìí ni ọ̀tá ṣe ń gba nǹkan padà lọ́wọ́ èèyàn."

"Ẹ ṣí ibòmíràn, Mà. Ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ kàn ní kí n kà á."

Ìwé Mímọ́ wà nítòsí ọwọ́ Dókítà Adédìpẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"A kì í dán Olúwa wò, Ṣíji."

Ó fa fọ́ọ̀mù jáde lábẹ́ ife, ó fi báírò pupa kọ ọ́ gba àárín rẹ̀: *Olúwa ti wò ó sàn. Kò nílò rẹ̀ mọ́.* Lẹ́yìn náà ló wá fi ìbuwọ́lù tí Ṣíji ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fún un bíi ti gbogbo èèyàn. Ó na ọwọ́ sókè. Olùṣọ́ ìdánwò rìn wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣebí ìwọ lo jẹ́rìí lọ́jọ́rú? Mo wà níbẹ̀ o! Mo tiẹ̀ jó."

Ṣíji gbé imú lé ìwé. Nígbà tí agogo lù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ìbéèrè kejì ni. Àwọn ìdáhùn mẹ́ta tó kù wà lórí rẹ̀, ó gbé wọn padà lọ sí yàrá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Dókítà Adédìpẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Kò ní kó di ojú. Ó na àpòòwé kan sí i láti òdìkejì tábìlì.

"Lẹ́tà rẹ nìyí. Láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdánwò ni."

Ṣíji ṣí i. Kò gbé e sún mọ́ ojú. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án padà, bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi kà á."

Ó gbọ́ tí Dókítà Adédìpẹ̀ ń wá nǹkan kiri: lábẹ́ fáìlì, nínú àpótí tábìlì, nínú báàgì.

"Orí gèlè lẹ máa ń gbé e sí, Mà."

Awò ojú sọ̀kalẹ̀. Bébà ró.

"'Sí Olúwaṣíjibòmí Adérẹ̀mí,'" ni Dókítà Adédìpẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "'Ó dùn wá láti sọ fún ọ pé...'"

Ohùn náà dúró.

Ṣíji wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró.

"Ẹ máa kà á lọ, Mà," ni ó wí. "Èyí ni mi ò tíì há sórí."