Ọwọ́ Tó Nà Sókè ní Ipoh

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Vaithilingam. Láti Jaffna, ìlú wọn lókè òkun, ló ti wọkọ̀ ojú omi wá sí Ipoh níbí, lọ́yà ọ̀dọ́ tí kò mọ ẹnì kankan. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ oko rọ́bà daṣẹ́ sílẹ̀, tí ọlọ́pàá kó wọn, òun ló gbèjà wọn ní kóòtù. Lọ́jọ́ tí adájọ́ dá Kuppan, aṣáájú wọn, sílẹ̀, ńṣe ni Kuppan dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti di bàbá mi."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin sún mọ́lé, gbogbo wa la gbà pé Lọ́yà ni ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀. Àfi bí Kuppan ṣe dìde nípàdé.

"Ẹ̀yin ará, mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n o. Àmọ́ àjèjì ni wọ́n. Ọmọ ibí làwọn èèyàn ń fẹ́."

Lọ́yà rò pé eré ni. "Ta wá ni ọmọ ibí ọ̀hún?"

Kuppan wolẹ̀. "Èmi ni. Inú oko rọ́bà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

Màmá Muniamma, tóun náà ń ṣiṣẹ́ lóko, fò dìde. "Kuppan, ojú ò tì ẹ́? Nígbà tó o wà látìmọ́lé, ṣé ọmọ ibí lo ránṣẹ́ pè?"

"Màmá, ẹ jókòó, òṣèlú lèyí!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ Kuppan nawọ́. Ọwọ́ kún inú gbọ̀ngàn. Mo wo ojú Lọ́yà: àwọn tó gbà sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, tí wọ́n nawọ́, ló ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́yà dá díje, láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Oko tó bá dé láti wá ìbò, wọ́n á fún un ní tíì, wọn ò ní wo ojú rẹ̀. Ó fìdí rẹmi. Kuppan wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi Parameswari sunkún, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sí Jaffna."

"Àwọn tó mọ̀ mí níbẹ̀ ti kú tán," ni Lọ́yà wí. "Ta ni màá lọ bá?"

Ipoh náà ni wọ́n wà títí dòní. Ó ń lọ sí kóòtù, ó ń bọ̀. Bí a bá dárúkọ òṣèlú, á dìde, á bọ́ síta.