Ó Ń Bá Ọwọ́ Ṣe É

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kó bá mi, ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà méjì lọ: bá. Bí mo bá ní kí o bá mi gbé igbá, ṣé ìwọ nìkan ni yóò gbé e ni, àbí èmi àti ìwọ la jọ máa gbé e? Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní bi mí. Yóò wo igbá náà, yóò wo bí mo ṣe lágbára sí, yóò sì mọ èyí tí mo ń wí. Èmi náà gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò ràn mí lọ́wọ́.

Ọkọ mi, Ignatius, ló ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sínú ìwé ńlá ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ọ̀wọ̀. Láti ìgbà tí ogun Biafra ti parí ló ti ń ṣe é, títí di ọdún 1992. Ẹni tó bá bímọ ní ìlú wa láàárín ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ orúkọ ọmọ náà. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Àwọn ìyàwó míì máa ń fi mọ́tò ọkọ wọn yangàn. Lẹ́tà ọkọ tèmi ni mo ń fi yangàn nínú ikùn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún un rí. Ní Ùsò tí wọ́n ti bí mi, a kì í yin ọkọ lójú rẹ̀.

Christopher, àbúrò rẹ̀ tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, ló mú géèmù kan wá fún un ní Kérésìmesì, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Páàdì kan ṣoṣo ló bá a wá, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń dì mú tó sì ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ọkùnrin pupa kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń kan ẹ̀ṣẹ́. Kí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, kí ó jẹun, ó di ìdí ọkùnrin pupa. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún! Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń bó ẹ̀gẹ́, ni mo gbọ́ tí páàdì náà já bọ́ lulẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti na ọkùnrin pupa ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Wọ́n ti lù yín bolẹ̀ lónìí, àbí?" Kò dá mi lóhùn. Mo tún rẹ́rìn-ín. Mo bó ẹ̀gẹ́ méjì sí i kí n tó yọjú wò ó, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gẹ́ méjì yẹn, mo ṣì ń kà wọ́n di òní.

Rọpárọsẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹsẹ̀ padà sípò, ẹnu tọ́, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kọ̀. Kò mọ̀ bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, kò mọ iná, kò mọ omi. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìdárayá ní ọsibítù sọ fún wa pé ọwọ́ tí a kò bá lò yóò gbàgbé ara rẹ̀, pé kí a wá ohunkóhun tó lè mú kó wù ú láti mira. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni lẹ́tà dé láti ibi iṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá, kí ó lọ rí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ní Àkúrẹ́. Bí ọwọ́ náà bá lè di gègé mú, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá lè dì í mú, kí ó fẹ̀yìn tì.

Kì í ṣe owó oṣù ló ń dùn ún. Ìwé ńlá yẹn ni. Ó máa ń bi mí pé ta ló ń kọ ọ́ báyìí, èmi náà á ní mi ò mọ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé Láníyì ni, ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, tí lẹ́tà rẹ̀ dà bí ipa ẹsẹ̀ adìẹ.

Mo ní kó fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ. Ó bá mi yan odì fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí wọ́n nà ní kékeré torí pé ó na ọwọ́ òsì sí àgbà, báwo ló ṣe máa fi òsì kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ? Kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kì í fi fúnni. Láníyì wá kí i pẹ̀lú ẹ̀bùn kékeré kan, ọkọ mi ní kó gbé e sórí tábìlì. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ọkọ mi sunkún, mo sì ṣe bí ẹni pé mò ń wá nǹkan lábẹ́ àga.

Ìbínú ni mo fi gbé géèmù náà lọ bá Múdàṣírù, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba, pé kó bá mi tà á. Ó bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ènìyàn kì í gbé àìsàn ọkọ rẹ̀ lọ sọ́jà, nítorí náà mo ní ọkọ mi kò fẹ́ràn páàdì náà mọ́, pé ó sọ pé títẹ̀ rẹ̀ ń ni òun lára. Múdàṣírù ní kí n má tà á. Ó ní irú páàdì mìíràn kan wà ní Èkó, tí wọ́n ń wọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún bí ìbọ̀wọ́, tí kò sí pé à ń tẹ nǹkan kan.

Ó ní, "Ìyá, gbogbo ohun tí ọwọ́ bá fẹ́ ṣe, ó máa ń bá ọwọ́ ṣe é."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo bi í pé ṣé lóòótọ́ ló ń bá ọwọ́ ṣe é, ó ní òun fi ojú ara òun rí i. Lójú tèmi, ìbọ̀wọ́ náà ló máa gbé ọwọ́. Mo ní kó bá mi rà á. Ẹ má bi mí ní iye tí mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ti lọ, kò sì wúlò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wọ aṣọ tuntun nílé wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rí ọwọ́ náà lójú àlá, tó ń kọ̀wé. Ọjọ́ tí Múdàṣírù fúnra rẹ̀ gbé e wá sílé láti bá wa so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ti se ìrẹsì sílẹ̀ dè é. Ìbọ̀wọ́ ńlá aláwọ̀ eérú ni, ó le, wáyà gígùn wà ní ìdí rẹ̀. Múdàṣírù fi àwọn nǹkan dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní àwọn ni wọ́n ń wo ibi tí ọwọ́ bá yí sí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkọ mi, ó rí ọwọ́ tó sùn lórí itan rẹ̀. Ó wò mí. Mi ò wò ó padà.

Àwa méjèèjì la wọ̀ ọ́ fún un, ìka kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a ń wọṣọ fún òkú. Ọkọ mi tẹjú mọ́ ọkùnrin pupa. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ọkùnrin pupa dúró, ekejì rẹ̀ ń lù ú, ó dúró náà ni. Nígbà tó pẹ́, Múdàṣírù rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó kan ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́. Ọkùnrin pupa kan ẹ̀ṣẹ́.

Ó fi ìbọ̀wọ́ náà hàn mí, ó ní, "Ìyá, ẹ ghò ó. Ọwọ́ ló ń gbé e. Òun kọ́ ló ń gbé ọwọ́."

Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò purọ́, pé ó sọ pé ìbọ̀wọ́ máa bá ọwọ́ ṣe é, ó sì ń bá a ṣe é, ọwọ́ ni kò rí nǹkan ṣe. Múdàṣírù kò jẹ ìrẹsì.

Ó yẹ kí n jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n alágídí ni mí, oṣù kọkànlá sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sán kọ̀ọ̀kan tí iná bá wà, mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ náà fún un, màá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, màá fi òrí ra á ní èjìká. Ní ọjọ́ kan, mi ò mọ ẹ̀mí tó gbé mi, mo fi orúnkún ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọkùnrin pupa kan ẹ̀ṣẹ́ kan.

Ọkọ mi tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó wá ní, "O rí i?"

Mo ní mo rí i.

Bí mo ṣe wọ gàù nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, mo tún tì í. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Ó ní kí n fi gègé rẹ̀ sínú omi gbígbóná kí yíǹkì tó ti gbẹ nínú rẹ̀ lè yọ. Ó sọ fún Láníyì pé ọwọ́ ti ń jí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn Míísà, ó sọ fún Fáàdá, Fáàdá sì gbàdúrà ọpẹ́ lé e lórí. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣe àmín. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ní Àkúrẹ́, dókítà mẹ́ta ló jókòó. Wọ́n ṣe pẹ̀lẹ́ fún un, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n bi í bí ọwọ́ ṣe ń ṣe, ó ní ó ti ń gbéra. Wọ́n ní kó gbé e. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òógùn bo ojú rẹ̀, kò sí ohun tó mì nínú yàrá náà àfi orúnkún mi. Ọ̀kan nínú wọn fi gègé sí àárín ìka rẹ̀, gègé náà já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ní oṣù Kérésìmesì, Láníyì mú ìwé ìfẹ̀yìntì wá. Ó ní òun mú páàdì dání, ọkàn mi lọ sí géèmù, ṣùgbọ́n páàdì yíǹkì ni, èyí tí ọkọ mi máa ń tì síwájú àwọn tí kò mọ̀wé kí wọ́n lè tẹ̀ka. Láníyì wolẹ̀. Ó ní òsì ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ọkọ mi ní, "Mi ò ní fi òsì kí uṣẹ́ mi pé ó dìgbà." Ó wá yíjú sí mi. "Bá mi gbé e. Bí o ṣe máa ń bá mi gbé e níwájú tẹlifíṣọ̀n."

Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀.

Ó ní, "Láti ọjọ́ kìíní. Mo rí orúnkún rẹ nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n." Ó wo ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀. "Mo rò pé bí a bá jọ ń tàn án, bóyá ó máa gbà."

Mo gbé ọwọ́ náà. Mo tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sínú yíǹkì, mo gbé e sórí ìwé, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo bá a ṣe é. Láníyì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àmì náà, ó sì gbàgbé lẹ́tà kan. Ọkọ mi rí i, ó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.