Ìbọn Àkọ́kọ́ fún Brynn Niskala

2.

…àti nítorí náà, ẹ má ra ìbọn tí ọmọ yóò "dàgbà bá." Ọmọ kì í dàgbà bá ẹ̀rù. Ẹ ní kó ká apá rẹ̀. Ẹ gbé ìdí ìbọn sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bí ìka rẹ̀ kò bá dé ibi tí wọ́n ti ń fà á, ẹ dá ìbọn náà padà síbi tí ẹ ti mú un.

— V. Niskala, káńtà ìbọn

(Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Apá òkè rẹ̀ ti ya.)

3.

Verlin Niskala ló kọ ọ́. Ọdún méjìdínlógún ló ti wà lẹ́yìn káńtà yẹn, ní ìlú kékeré kan lápá òkè Michigan, níbi tí ilé-ìwé ti máa ń ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, torí ọjọ́ náà ni ọdẹ àgbọ̀nrín ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ìbọn àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ Verlin ni wọ́n ń mú un lọ. Kò sí bàbá tí kò lè bá wí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo fẹ́ kí inú bí yín sí i dáadáa.

4.

*Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní káńtà, ọjọ́ Sátidé*

ONÍBÀÁRÀ: Èyí tó tóbi yẹn ni mo fẹ́ fún ọmọ mi.

VERLIN: Ọmọ ọdún mélòó?

ONÍBÀÁRÀ: Mọ́kànlá. Á dàgbà bá a.

VERLIN: Ṣé bàtà tiyín náà ló ń wọ̀ lọ sílé-ìwé?

ONÍBÀÁRÀ: (ẹ̀rín) Ọkùnrin ni, ọ̀gá.

VERLIN: Èjìká rẹ̀ ò mọ ìyẹn. Ìbọn yìí á ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan péré. Látìgbà náà lọ, kó tó yìn ín ni á ti máa dijú. Ẹni tó bá ń dijú yìnbọn, ẹsẹ̀ ẹran ló máa ń bà.

ONÍBÀÁRÀ: Kí lẹ wá ní kí n mú?

VERLIN: Ẹ mú ọmọ náà wá ná. Mi ò kì í yan ìbọn fún ọmọ tí mi ò rí.

5.

ÒFIN ÀGỌ́ ỌDẸ NISKALA

Ẹni tó pa àgbọ̀nrín àkọ́kọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn ni yóò yan ìbọn fún ọmọ tó kàn.

Níwájú gbogbo ilé ni yóò ti yàn án. Ẹnu rẹ̀ nìkan la óò gbọ́.

Bó bá ti yàn án, ó tán.

Ẹni tó bá tàsé, a óò gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ sára ògiri.

Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó bọ́ síta.

6.

Ẹni tó ṣe tirẹ̀ gbẹ̀yìn ni Verlin fúnra rẹ̀, lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Nísinsìnyí ó ti kan Brynn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá. Onni, bàbá Verlin, ló ni àgọ́, òun náà ló ni ìbọn ńlá tó wà lókè ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́nu. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Onni ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin náà.

Ẹnu Verlin nìkan ni ọmọ náà ní.

7.

CARLENE (ìyá Brynn): O ò ní fi ìbọn bàbá ẹ lé ọmọ mi lọ́wọ́ o.

VERLIN: Èmi ni mò ń yàn. Kékeré ni. Mo ti wọn apá ẹ̀.

CARLENE: Ṣé wàá lè sọ ọ́ lójú bàbá ẹ?

VERLIN: Carlene.

CARLENE: Ìbéèrè ni mo béèrè.

VERLIN: Ó ti wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀.

8.

*Ohun Tí Mò Ń Dúró Dè,* láti ọwọ́ Brynn Niskala

Dádì mi ló mọ̀ jù nípa ìbọn ọmọdé ní gbogbo ìlú wa. Wọ́n jẹ́ kí n gbé èyí tó kéré dání, ó bá mi mu rẹ́gí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan ń bẹ̀rù. Èmi ò bẹ̀rù, torí Dádì mi ló máa yàn án.

*(Ọwọ́ olùkọ́: O kọ ọ́ dáadáa.)*

9.

*Àgọ́. Ọ̀sán Sunday. Mítípáì wà lórí tábìlì.*

ONNI: Ó yá, ọ̀gá oníkáńtà. A ń gbọ́.

VERLIN: Mo ti wo apá ẹ̀, Bàbá. Ìbọn tiyín fi ìka mẹ́ta gùn jù. Àfi ká gé ìdí ẹ̀ díẹ̀.

ONNI: Ká gé kí ni?

(Kò sẹ́ni tó jẹun.)

ONNI: Bàbá mi ló gbẹ́ igi yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí tí mo yìn ín. Ìwọ náà yìn ín. O tọ̀ sára, o sì yìn ín. Brynn, ṣé bàbá ẹ sọ ìyẹn fún ẹ?

BRYNN: Rárá, Bàbá àgbà.

ONNI: Báwo ló ṣe máa sọ ọ́? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló máa ń lẹ́nu fún. Àbí ká lọ ra ìbọn onírọ́bà fún ọmọge wa, èyí tó ń tu omi?

BRYNN: Dádì, ẹ sọ fún wọn.

ONNI: O gbọ́? Ó ní kó o sọ fún mi. Sọ fún mi.

VERLIN:

VERLIN: Èyí tó tóbi.

10.

Mo kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ nítorí pé ààyè wà láàárín méjèèjì. Ọmọ náà ń wò ó ní gbogbo àkókò yẹn.

11.

Wọ́n gbé ìbọn lé àpò iyanrìn lẹ́yìn àgọ́. Ìdí rẹ̀ gùn jù, nítorí náà Brynn na ọrùn síwájú kí ojú rẹ̀ lè bá awò tó wà lórí ìbọn. Verlin rí i. Ó mọ ohun tó ń bọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó lanu. Onni wò ó. Ó pa ẹnu náà dé.

Ìbọn ta padà. Etí awò là á lókè ojú ọ̀tún.

Ó sunkún. Rárá, mo parọ́. Èmi ni mo fẹ́ kó sunkún. Ó dìde, ó gbọn yìnyín kúrò lórúnkún, ó béèrè bóyá òun ba àmì tí wọ́n gbé kalẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dé," Onni ní. "Ó ku àgbọ̀nrín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Verlin náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì í.

12.

*Ìwé ilé ìwòsàn*

ORÚKỌ: Brynn Niskala

IBI TÍ A RÁN: òkè ojú ọ̀tún, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́fà

OHUN TÓ FÀ Á: Ọmọ ní òun ṣubú. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni.

13.

CARLENE: Ó ṣubú lu kí ni?

CARLENE: Verlin.

CARLENE: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bọ́ọ̀tù. Ìbọn kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀.

14.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Abo àgbọ̀nrín kan jáde sábẹ́ igi, ó dúró, ó fi ìhà rẹ̀ hàn wọ́n. Ibẹ̀ kò jìnnà rárá. Verlin ń wo ojú ọmọ rẹ̀, kò wo ẹran. Ó rí i tó dijú méjèèjì kí ìbọn tó dún.

Ẹsẹ̀ ló bà.

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi tọ ẹ̀jẹ̀ lórí yìnyín. Wọ́n bá a lẹ́bàá odò tó ti dì, ó ń gbìyànjú láti dìde, ó ń ṣubú, ó tún ń gbìyànjú.

BRYNN: Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi parí ẹ̀.

ONNI: Ẹran tiẹ̀ ni.

Verlin wo bàbá rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó ṣe: ó wò ó.

Brynn kò tún bẹ̀ ẹ́. Ó súnmọ́ ẹran náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò dijú.

15.

*Lára ògiri, lábẹ́ orúkọ Verlin:*

Brynn Niskala. Abo kan. Ọta méjì.

16.

Ọdún tó tẹ̀lé e ló kan Otto, àbúrò Brynn, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Carlene kò wá sí àgọ́ mọ́. Verlin gbé ìbọn méjèèjì sórí tábìlì, ńlá àti kékeré. Ó ti ń sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀: pé òun ṣàṣìṣe, pé òun mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe, pé èyí tó kéré ni kí Brynn mú fún ọmọ náà.

Onni fa àwo rẹ̀ mọ́ra. Ó ń jẹun ní tirẹ̀.

VERLIN: Brynn, ọmọ mi, o mọ èyí tó dáa. Wo apá ẹ̀.

BRYNN: Ẹ jọ̀ọ́, Dádì. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo la fẹ́ gbọ́.

Ohùn rẹ̀ kò le. Ohùn tí wọ́n fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ni. Ó gba apá Otto, ó ká a, ó wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, láìyára. Ó ṣe é dáadáa.

OTTO: Brynn, èyí tó tóbi yẹn, ṣé ó máa ń dunni?

Brynn kọ́kọ́ wo bàbá rẹ̀. Ó dúró dè é. Ó fún un ní àkókò tó pọ̀.

BRYNN: Bi Dádì.