Ata Lára Rásíbẹ́rì

Ìdin funfun kan tún yọrí láàárín àwọn èso pupa tó wà nínú abọ́. Mìsítúrà sáré fi ìka mú un, ṣùgbọ́n Màmá Evelyn ti rí i. Wọ́n ti abọ́ náà sẹ́yìn, wọ́n kọjú sí ògiri.

Láti ìgbà tí ara wọn ò ti yá, èso rásíbẹ́rì ẹ̀yìnkùlé wọn ní Peckham, nílùú òyìnbó, nìkan ni ìyá òyìnbó arúgbó yìí ń fẹ́ fi sẹ́nu. Ọkọ wọn tó ti kú ló gbìn ín. Ní báyìí kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, wọn ò sì jẹ nǹkan kan mọ́. Gilbert, ọmọ wọn, ti sọ ọ́ láìfi bò: bí òun bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀ tí màmá òun ò jẹun, òun á mú wọn lọ sílé àwọn arúgbó ní Forest Hill. Mìsítúrà ló ń tọ́jú wọn. Bí wọ́n bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, iṣẹ́ yìí ló sì gbé físà rẹ̀ dúró.

Kò lè ra oògùn kòkòrò. Gilbert ti kìlọ̀ pé kẹ́míkà kankan ò gbọ́dọ̀ kan èso náà. Ó ti fi ọwọ́ ṣa ìdin títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ó ti gbọn àwọn ẹ̀ka kí kòkòrò lè já bọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún ti pé síbẹ̀.

Ló bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Àsúmáù, tó ń gbé ní Walworth.

"Kí lẹ máa ń fín sí ẹ̀fọ́ ní Ìwó?" ni Àsúmáù bi í.

"Omi ata àti ọṣẹ dúdú. Ìyá mi ló máa ń pò ó."

"Ṣé o wá rí i? Kòkòrò Peckham ò jẹ rodo rí. Fín in, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ti dé."

Mìsítúrà ò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, ó lọ ata rodo, ó pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú, ó sẹ́ ẹ, ó sì fín in sára igi náà látòkè délẹ̀. Lójú tirẹ̀, bí ẹ̀fọ́ ni: wọ́n á já a, wọ́n á fọ̀ ọ́ dáadáa, kó tó dẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó wọlé lọ fọ ìkòkò.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ igbe.

Màmá Evelyn, tí kì í kúrò lórí àga bí ẹnì kan ò bá gbé wọn, ti fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀yìnkùlé. Èso wà lọ́wọ́ wọn, ètè wọn ti pọ́n, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ti rí i pé kòkòrò ń já bọ́ lára igi, ni wọ́n bá já a jẹ láìfọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń já a jẹ láyé ọkọ wọn. Mìsítúrà sáré fún wọn ní mílíìkì mu. Ọlọ́pàá ló ń rò. Wọ́n á ní ó fẹ́ pa òyìnbó.

Kò tíì nu ojú wọn tán tí Gilbert fi ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó béèrè ohun tó ṣe màmá òun. Ìyá náà wojú Mìsítúrà, wọ́n wá dá ọmọ wọn lóhùn pé àwọn ló ṣèèṣì gé ètè àwọn jẹ. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn rìn lọ já èso jẹ.

Inú Gilbert dùn. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ Forest Hill ṣì dúró ná. Ó ní kí Mìsítúrà máa lọ sílé, òun á já rásíbẹ́rì sí i fún màmá òun.

Mìsítúrà wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé dún.

Ó padà.

"Ẹ má já a, sà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ata ni mo fín sí i. Èmi ni."

Gilbert yíjú sí i, abọ́ òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mìsítúrà ò dúró gbọ́ ohun tó máa sọ. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ igi náà, ẹ̀ka kan tẹ̀ lé òmíràn.